Oníbodè Inú Ara

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Èkó, ibì kan wà tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Boundary. Bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ojú ààlà ni. Ajégúnlẹ̀ wà ní apá kan rẹ̀, Àpápá sì wà ní apá kejì. Ní Àpápá ni èbúté ńlá wà, níbi tí ìjọba amúnisìn ti kọ́ ibùdó ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ láàrin ọdún 1921 sí 1926. Ajégúnlẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi èjìká gbé ẹrù inú ọkọ̀ wọ̀nyí ń padà sí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ajé gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀: orúkọ náà kún fún ìrètí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àpápá ni ajé ọ̀hún ń pẹ́ sí jù.

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà èbúté Àpápá rí yóò mọ̀ pé a kì í wọ ibẹ̀ bí ẹni ń wọ ọjà. Ọkọ̀ akẹ́rù kò lè wọlé láìní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jáde láìní ìwé. Àwọn aṣọ́bodè ń wò, wọ́n ń kà, wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń dá àwọn mìíràn padà. Èyí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ayé ìgbà tí odi ṣì yí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ká, oníbodè ni ó ń jókòó sí ẹnu odi, tí ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò. Òun náà ni ó sì mọ ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé àti ẹni tí ó yẹ kí a tì mọ́ta. Ìlú tí ó bá ti ilẹ̀kùn odi rẹ̀ pa pátápátá, ebi ni yóò pa á. Ìlú tí ó bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ogun ni yóò kó o. Láàrin méjèèjì ni ìlú ti ń rí ayé gbé.

Bí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti rí gan-an nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun tí ó kéré jù lọ tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ewé, ẹja, ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ gbogbo wọn, bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 30 tirílíọ̀nù ni ó wà nínú ara àgbàlagbà kan. Odi tí ó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí a bá to 10,000 irú awọ náà lé ara wọn, ó ṣòro kí wọ́n nípọn ju ojú ìwé kan ṣoṣo lọ. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe awọ yìí, àwọn ará Holland méjì, Gorter àti Grendel, ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 1925 pé ìpele ọ̀rá méjì ni ó gbé ara lé ara nínú rẹ̀.

Kò sí ìyàwó ilé tí kò mọ̀ pé omi àti epo kì í rẹ́. Nítorí náà ohunkóhun tí ó bá ń yọ́ sínú omi, irú bí iyọ̀ àti ṣúgà, kì í rí ọ̀nà gba inú ọ̀rá yìí kọjá. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní tirẹ̀ kò bìkítà. Ó ń gba inú awọ náà wọlé bí òórùn ẹja díndín ti ń gba ojú ògiri pákó kan bọ́ sí èkejì nínú àgbàlá Ajégúnlẹ̀: láti ibi tí ó ti pọ̀ ni ó ń lọ sí ibi tí kò ti pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ búburú tí à ń mí síta ṣe ń jáde. Àwọn ohun yòókù gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè. Ẹnubodè wọ̀nyí ni àwọn purotéènì tí a rì mọ́ inú awọ náà káàkiri, olúkúlùkù wọn sì ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n gbà. Èyí tí ó ń gba ṣúgà kò ní gba iyọ̀ ní òun nìkan. Èyí tí ó ń gba omi kò ní gba ohun mìíràn. Peter Agre, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí ẹnubodè omi ní ọdún 1992, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003. Ẹyọ omi tí ó ń gba inú ẹnubodè kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ wà tí wọ́n lè la ẹnu gbé kòkòrò àrùn mì lódidi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti àwọn ọmọ ogun ni ìyẹn.

Omi ní ìwà kan tí ó yẹ kí a mọ̀ dáradára, nítorí lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà bá pọ̀ sí ni omi ń fà sí. Ìyá tí ó bu iyọ̀ sórí ewúro kí ó tó fọ̀ ọ́ mọ ìwà yìí láìsí pé ó lọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò tíì fi ọwọ́ kan ewé náà tí omi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ọmọdé tí ó da iyọ̀ sára ìgbín náà mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí a nà án fún un. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, iṣu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Olùkọ́ yóò bó iṣu, yóò gbẹ́ inú rẹ̀ bí ife, yóò bu iyọ̀ sínú ife náà, yóò sì gbé e ka inú àwo tí omi wà. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, omi yóò ti sun kún inú ife iṣu náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kankan kò da omi sí i. Lẹ́yìn èyí yóò mú iṣu mìíràn tí wọ́n ti sè jinná, yóò ṣe é gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ti àkọ́kọ́. Omi ti èyí kò ní ru sókè bẹ́ẹ̀. Iṣu sísè dùn ún jẹ ju tútù lọ, ṣùgbọ́n iná ti ba odi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́, kò sì sí oníbodè mọ́.

Àwọn ọmọ yóò ya àwòrán iṣu náà sínú ìwé wọn, wọn yóò kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọn yóò fi ṣe ìdánwò, wọn yóò yege, wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń parí sí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, èyí sì jẹ́ àdánù ńlá. Ọmọ tí ó ya àwòrán iṣu ní òwúrọ̀ lè padà délé ní ìrọ̀lẹ́ kí ó bá àbúrò rẹ̀ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí ó má sì mọ̀ pé ohun tí olùkọ́ fi hàn án nínú àwo ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní yẹn.

Kí a tó dé orí ẹní náà, oníbodè kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ kí. Gbogbo àwọn tí a ti mẹ́nu bà ń ṣí ọ̀nà fún ohun tí ó ń lọ sí ibi tí ó wù ú láti lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ara a máa fẹ́ kí ohun mìíràn kúrò ní ibi tí kò ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti pọ̀, bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù gun òkè. Ìyẹn gba agbára. Ní ọdún 1957, Jens Skou, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tí ó ń ṣe ìwádìí lórí iṣan akàn, ṣàlàyé ẹ̀rọ kékeré kan tí ó wà lára odi sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ náà ń ju ẹyọ sódíọ̀mù mẹ́ta síta, èyí tí í ṣe ìdajì ohun tí a fi ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, ó sì ń gba ẹyọ pòtáṣíọ̀mù méjì wọlé dípò wọn. Tọ̀sán tòru ni ó ń ṣe èyí, kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: nínú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ, bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń gbà ní owó ibodè. Ogójì ọdún kọjá kí wọ́n tó fún Skou ní ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀, ní ọdún 1997. Ẹni tí ó bá ń kánjú kí a yìn ín lè fi í ṣe àríkọ́gbọ́n.

Nítorí pé ẹ̀rọ yìí kì í sinmi, iyọ̀ kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìta ni ó ń pọ̀ sí, tí ó ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ìwákúwàá iyọ̀ yìí ni ara fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, a ó sì rí èyí tí ó fi ń ṣe nínú ìfun láìpẹ́.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ẹnubodè a máa ní ìwọ̀n. Àpápá ti rí èyí rí. Ní àkókò ìjọba Ọ̀gágun Gowon, ìjọba àpapọ̀ ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè òkun. Ní ọdún 1975 gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọkọ̀ òkun tí ó tò sí ojú omi Èkó lé ní 400, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti sìmẹ́ńtì. Èbúté kò lè gba ju ìwọ̀nba tí ó lè gbà lójúmọ́ lọ, bí ìta ti wù kí ó kún tó. Owó ìdádúró ń gun orí ara wọn, sìmẹ́ńtì mìíràn sì gan mọ́ inú ọkọ̀ kí wọ́n tó já a. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Irú èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín ẹni tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà. Kíndìnrín ní àwọn oníbodè tí ń gba ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó má baà bá ìtọ̀ lọ. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju agbára wọn lọ, èyí tí wọn kò rí gbà yóò bá ìtọ̀ jáde, omi yóò sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí òǹgbẹ fi ń gbẹ aláìsàn náà tí ó sì ń tọ̀ léraléra, tí èèrà sì ń dà bo ibi tí ó tọ̀ sí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe àìsàn yìí ní ìtọ̀ ṣúgà ti sọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà tán.

Ṣùgbọ́n onígbáméjì ni àrùn tí ó fi ọ̀rọ̀ oníbodè hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn túmọ̀ orúkọ náà báyìí: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ní ọdún 1970 ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ tí ó gbòde ní ayé nígbà náà wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé agbègbè Èkó. Ní ọdún 1971, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó mú 22,931 ènìyàn ní Nàìjíríà, 2,945 sì kú nínú wọn. Kò tíì lọ títí di òní. Ní ìdajì oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé 350 ni àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú, 15 sì ti kú.

Ọ̀nà tí ó ń gbà pa ènìyàn yẹ ní mímọ̀. Kòkòrò àrùn náà kì í gún ìfun, kì í sì í jẹ ẹ́ bí ọgbẹ́. Ara ògiri ìfun ni ó ń lẹ̀ mọ́, tí ó sì ń tu oró síbẹ̀. S. N. De ti ìlú Calcutta ni ó fi ìdí oró yìí múlẹ̀ ní ọdún 1959. Oró náà ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì ń mú oníbodè kan ní pàtó, èyí tí ń tú iyọ̀ jáde sí ojú ìfun. Nígbà tí ara bá le, ẹnubodè yìí a máa ṣí, a sì máa tì. Oró onígbáméjì a fi igi há a ní ṣíṣí. Iyọ̀ a máa dà jáde, omi, gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, a sì tẹ̀ lé iyọ̀. Ẹni tí àrùn náà bá mú gidi lè ya lítà omi kan láàrin wákàtí kan ṣoṣo, ìgbẹ́ náà a sì funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ìgbẹ́ kọ́ ni ó ń pa á. Omi ara rẹ̀ ni ó ń tán. Ojú a jìn, ohùn a há, awọ tí a bá fà sókè kò ní tètè padà, àwùjẹ̀ ọmọ ọwọ́ a wọlé, ọmọ a sunkún láìsí omijé. Ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ara líle lè má rí alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àwọn ilé kan, ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí gan-an ni àwọn àgbà ti ń pàṣẹ pé, “Ẹ má fún un lómi mọ́. Ṣé ẹ ò rí i pé omi náà ni ó ń yà ni?” Kò yẹ kí a fi àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n rí ohun tí ojú rí: omi wọlé, omi jáde. Àwọn dókítà pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi lásán tí wọ́n ń fún aláìsàn mu kò dúró, abẹ́rẹ́ tí ń fa omi sínú iṣan nìkan ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà lòdì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó sì ti sọ dèrò ọ̀run. A gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfi ṣe àwàdà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà ilé ni ó pa á.

Ohun tí ojú kò rí ni pé oró náà há ẹnubodè kan, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan èkejì tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ní ìlú Prague, Robert Crane ṣàlàyé pé oníbodè kan wà nínú ìfun tí kì í gba ṣúgà wọlé bí kò bá sí iyọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé ẹyọ sódíọ̀mù méjì àti ẹyọ ṣúgà kan ni ó ń jọ gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣúgà nìkan dé ibẹ̀, kò rí ọ̀nà. Iyọ̀ nìkan dé ibẹ̀, kò rí ọ̀nà. Bí ẹrù àti ìwé rẹ̀ ni wọ́n rí lẹ́nu ọ̀nà Àpápá; ẹrù láìsí ìwé kò lọ, ìwé láìsí ẹrù kò wúlò. Nígbà tí méjèèjì bá jọ wọlé, omi yóò bá wọn wọlé. Èyí ni pé bí omi ti ń dà jáde láti ẹnubodè tí ó bàjẹ́, a lè máa gba ẹnubodè tí ó dára dá omi padà sínú ara, títí ara yóò fi lé oró náà lọ.

Àwọn dókítà ọmọ Amẹ́ríkà méjì, David Nalin àti Richard Cash, fi í dán àwọn aláìsàn onígbáméjì wò ní Dhaka ní ọdún 1968, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ìyẹn, níbi tí nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ wà nítòsí. Ní ọdún 1971 ni ogun lé àìmọye ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí ó di Bangladesh, wọ́n sá wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bá wọn nínú àgọ́. Ní Bangaon, omi abẹ́rẹ́ tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó ní kí wọ́n wọn iyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n pò ó mọ́ omi, kí àwọn ìyá, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n àwọn aláìsàn fúnra wọn máa bu ú fún wọn mu. Ṣáájú èyí, nǹkan bí 30 ni ó ń kú nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní London, Lancet, kọ ọ́ ní ọdún 1978 pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọ̀rúndún náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ń sọ o. Iyọ̀, ṣúgà àti omi ni.

Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ni ó mú ọ̀rọ̀ omi oníyọ̀-òun-ṣúgà dé ẹnu gbogbo ìyá. Ìgò bíà kan tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò méjì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í wọn omi rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni ní àkókò náà, nítorí ìgò wọ̀nyí wà nínú gbogbo ilé, bákan náà ni wọ́n sì ṣe rí. Lónìí wọn kò rí bákan náà mọ́. Ìgò oníke tí wọ́n ń tà ní Ajégúnlẹ̀ ní kékeré, ó ní ńlá, ó sì ní èyí tí ó wà láàrin. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n iyọ̀ àtijọ́ sínú ìgò òde òní lè ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, kí wọ́n má máa sọ ti àná.

Èyí tí ó dára jù ni èyí tí wọ́n ti wọ̀n sínú pákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní ORS, tí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba àti ní kẹ́míìsì. Bí kò bá sí, lítà omi kan tí ó mọ́ ni kí a wọ̀n. Omi ọ̀rá méjì tí gbogbo Èkó ń pè ní píọ̀ wọ́tà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdajì lítà, tó o. Ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà ni kí a pò mọ́ ọn, kí a fi ọwọ́ gé orí ṣíbí kí ó tẹ́jú. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àfojúdíwọ̀n. Ìyá tí ó rò pé bí ọ̀kan bá ṣiṣẹ́, méjì yóò ṣiṣẹ́ jù, kò rántí iṣu inú àwo. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò fa omi kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ, gìrì sì lè tẹ̀ lé e. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ìfun, yóò fa omi láti inú ara sí ojú ìfun, ìgbẹ́ yóò sì pọ̀ sí i; ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rìndòdò kò fi lè dípò rẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń sunkún sí i. Àwọn tí ó ṣe pákẹ́ẹ̀tì náà pàápàá ti tún èrò ara wọn pa. Lítà kan ti àtijọ́ ní gíráàmù glucose 20 àti iyọ̀ 3.5, láti ọdún 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dín wọn kù sí 13.5 àti 2.6, nítorí wọ́n rí i pé èyí tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín ìgbẹ́ àti èébì kù jù.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣíbí fún ọmọ. Bí ó bá bì í, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a tún bẹ̀rẹ̀, kí ó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró, ẹ̀kọ mímu kò gbọ́dọ̀ dúró. Ọmọ tí ó bá ń sùn ṣáá tí kò lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn ni ọ̀nà rẹ̀, nítorí ẹni tí kò lè gbé mì kò lè jàǹfààní ẹnubodè ìfun; abẹ́rẹ́ ni yóò gbà á là. Ṣùgbọ́n kí a máa bu omi náà sí i lẹ́nu lójú ọ̀nà bí ó bá lè gbà á, nítorí ọkọ̀ Èkó kì í tètè dé. Àmì tí ó dára jù lọ pé omi ti wọlé kò wà nínú ìwé kankan tí ìyá kò lè kà: ọmọ yóò tọ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ awọ sẹ́ẹ̀lì àti sódíọ̀mù jinlẹ̀ jù fún èdè Yorùbá, pé kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí a kàn sọ fún àwọn ìyá pé ṣíbí báyìí, omi báyìí, ó parí. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìgò. Ẹni tí a bá kọ́ ní ìwọ̀n láìkọ́ ọ ní ìdí, nígbà tí ìgò bá yí padà, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá mọ̀ pé iyọ̀ ń fa omi, tí ó sì mọ̀ pé iyọ̀ àti ṣúgà ni ó ń jọ wọlé, yóò mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ fi ojú díwọ̀n, kò sì ní gbà fún ẹni tí ó ní kí ó má fún ọmọ lómi. Èdè tí ó ní oníbodè, tí ó ní onígbáméjì, tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ìdí.

Ó ṣẹ́ ku omi fúnra rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì tí ó dára jù lọ láyé, omi ni a óò pò ó mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 684,105 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifelodun, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, lórí ilẹ̀ tí kò tó kìlómítà 13 níbùú lóròó. Ilé fara ti ilé, ṣáláńgá fara ti kànga. Nítorí pé ọ̀sà kò jìnnà, omi kànga mìíràn níyọ̀ lẹ́nu. Láti ọdún 1915 ni wọ́n ti ṣí omi ẹ̀rọ Ìjú fún ìlú Èkó, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ní Ajégúnlẹ̀ ṣì ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke, kẹ́ẹ̀gì kan lé kẹ́ẹ̀gì kan, tí ẹnì kankan kò sì mọ orísun rẹ̀. Ìyá tí ó bá fẹ́ pò oògùn yóò kọ́kọ́ sè é. Kí ó tó sè é, yóò ra kẹrosíìnì tàbí gáàsì. Kò tọ́ kí ìjọba máa fi ìmọ̀ àwọn ìyá ṣe àwáwí, bí ẹni pé nígbà tí wọ́n ti mọ bí a ti ń tọ́jú onígbáméjì, kò sí ohun tí ó kan ìjọba mọ́ nípa ibi tí onígbáméjì ti ń wá. Èbúté Àpápá wà lára àwọn ibi tí owó orí ẹrù ti ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ jù lọ. Láti ẹnubodè yẹn dé ẹnu kànga Ajégúnlẹ̀, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn kò ní rìn pẹ́.